Ẹ mú ọkọ̀ kan: bí ẹ ṣe lè lo òpin ọ̀sẹ̀ eré ìje BTCC ní Brands Hatch

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni kí òun kọ́kọ́ ṣe bí òun bá dé Brands Hatch, pápá tí wọ́n ti ń sá eré ìje ọkọ̀ BTCC, èsì kan ṣoṣo ni mo máa ń fún un: mú ọkọ̀ kan. Kì í ṣe èyí tó wà níwájú o. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ọkọ̀ ṣe, ẹ mú ọ̀kan tó wù yín, kí ẹ sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, bí ẹ ṣe máa débẹ̀, ohun tí ẹ máa wọ̀, ibi tí ẹ máa dúró sí, torí ọkọ̀ kan yẹn ni.

Muṣin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe ní gáréèjì bọ́ọ̀sì kan ní London, níhà Thamesmead tí mò ń gbé. Láti ilé mi, Brands Hatch kò jìnnà rárá. Kent ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà A20. Ẹni tó bá bọ́ kúrò lórí M25 ní ẹnu ọ̀nà 3, ó kù díẹ̀ kó dé nìyẹn. Síbẹ̀, mo mọ àwọn èèyàn wa tó ti lo ogún ọdún ní Peckham àti Woolwich tí wọn ò tíì débẹ̀ rí. Wọ́n gbà pé eré ọkọ̀, ti olówó ni. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Formula 1, eré ìje ọkọ̀ tó lókìkí jù lọ, lè mú kéèyàn sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. BTCC ò rí bẹ́ẹ̀.

British Touring Car Championship ni wọ́n gé kúrú sí BTCC. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sá a jọ èyí tó wà níwájú ilé yín: BMW 330i, Ford Focus, Hyundai i30, Toyota Corolla. 1958 ló bẹ̀rẹ̀, ìtàn ọdún àkọ́kọ́ yẹn sì máa ń dùn mọ́ mi nínú láti sọ. Nígbà tí eré parí, máàkì Jack Sears àti ti Tommy Sopwith dọ́gba. Wọ́n gbèrò pé kí wọ́n sọ owó sókè kí wọ́n fi mọ ẹni tó gba ife, àmọ́ inú àwọn méjèèjì ò dùn sí i. Ni wọ́n bá wá ọkọ̀ Riley méjì tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, wọ́n ní kí wọ́n sá a ní ìyípo márùn-ún, kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, kí wọ́n tún sá márùn-ún mìíràn. Brands Hatch yìí gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí wọ́n ro àkókò eré méjèèjì pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 1.6 péré ni Sears fi ṣíwájú.

Títí dòní, ẹ̀mí kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì tó ní turbo ni gbogbo wọn ń lò, gíá kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ sì jẹ́ ohun kan náà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń rà. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí olówó kan fi owó gbé eré sálọ. Ọkọ̀ ogún lè wà nílẹ̀ kí àyè tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn, lórí ìyípo kan ṣoṣo, má tó ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń sá lọ́dún, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Wọ́n máa ń lọ sí Donington Park, Snetterton, Oulton Park, Thruxton, Croft, Silverstone, wọ́n sì máa ń dé Knockhill ní Scotland. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Brands Hatch àti Donington Park ni wọ́n máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní Brands Hatch, oṣù Karùn-ún ni ti àkọ́kọ́, lórí ọ̀nà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Indy. Oṣù Kẹwàá ni ti ìkẹyìn, lórí ọ̀nà gígùn tí Formula 1 ń lò nígbà tí wọ́n ṣì ń wá síbẹ̀, títí di 1986. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ti oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ife. Bí ẹ ò bá tíì lọ rí, èmi ní ti oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lọ. Ọ̀nà gígùn yẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3.9, inú igbó ni apá púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ọkọ̀ yín á sì pòórá mọ́ yín lójú. Ti Indy ò pé kìlómítà méjì. Bí àwo ọbẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ọkọ̀ ń sá nínú, ẹ̀yin wà létí. Kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ yín á tún ti yọ.

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́tàlá kì í sanwó. Sátidé ni wọ́n ń dán ọ̀nà wò, tí wọ́n sì ń pinnu ẹni tó máa ṣíwájú ìlà nínú eré àkọ́kọ́. Sọ́ńdè ni eré BTCC mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí owó tàbí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí ẹ lè lọ lọ́jọ́ méjèèjì, Sọ́ńdè ni kí ẹ mú.

Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ máa gbé lọ, ẹ kúrò nílé kó tó di aago méje àárọ̀. Orí koríko ni wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má páàkì sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ti bá wọn ti ọkọ̀ tó rì nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ títí bàtà mi fi kún. Tó bá jẹ́ rélùwéè, ẹ wọkọ̀ ní Victoria, kí ẹ sọ̀ ní Swanley, kí ẹ wá gba takisí. Ẹ yẹ ọkọ̀ ojú irin wò lálẹ́ Sátidé, torí Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe. Ẹ sì ti sọ̀rọ̀ takisí sílẹ̀ ṣáájú. Ọdún kejì tí mo lọ, mo gbójú lé takisí kan tó ní òun á wá gbé wa ní Swanley ní aago mẹ́sàn-án. Kò wá. Mo pè é, wọ́n ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Èmi àti ọmọ mi dúró níbẹ̀ títí eré àkọ́kọ́ fi parí. Ọmọ náà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà takisí méjì ni mo máa ń mú dání.

Ọ̀rọ̀ aṣọ: ẹ má wo ojú ọ̀run London kí ẹ tó múra. Atẹ́gùn orí òkè yẹn ń wọ egungun, nínú oṣù Karùn-ún pàápàá. Ẹ mú kóòtù òjò, bàtà tó ṣeé fi rìn nínú ẹrẹ̀, àga tó ṣeé ká tàbí tìmùtìmù tí ẹ máa jókòó lé lórí koríko, àti ìbòtí, ohun tí wọ́n fi ń bo etí nítorí ariwo, fún ọmọdé. Ti ìbòtí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ọkọ̀ ogún tó tẹná mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń mú àyà ọmọdé já. Oúnjẹ wà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ó wọ́n, ìlà rẹ̀ sì gùn. Ìyàwó mi máa ń di móínmóín àti ìrẹsì fún wa, a ó sì gbé tíì gbígbóná sínú fláàsì. Ẹ ra ìwé ètò, torí inú rẹ̀ lẹ ti máa rí nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ ẹni tó ń wà á.

Ó wá kan ọkọ̀ yín.

Paddock ni wọ́n ń pe àgbàlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá àti àgọ́ àwọn ẹgbẹ́ wà, láàárín pápá, lẹ́yìn gáréèjì. Ẹ gba ibẹ̀ lọ tààrà bí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ má tíì wá àyè ìjókòó. Ẹ kí àwọn mẹkáníìkì, ẹ má sún mọ́ wọn jù, ẹ kàn dúró kí ẹ wo. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ mọ ẹni tó ń wo iṣẹ́ àti ẹni tó ń wo fọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ha táyà. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde, ó jọ èyí tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bíi ti apẹ́ńtì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Á fẹ́ ooru sí táyà títí á fi máa dán, á sì fi ọ̀bẹ gbá a. Rọ́bà á máa ká jáde bí èèpo iṣu tó jóná. Ọmọ mi bi mí ohun tó ń ṣe, mo ní kó lọ bi ẹni tó ń ṣe é. Ó lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé fún un pé bí ọkọ̀ bá ti ń sá, táyà rẹ̀ máa ń kó ègé rọ́bà tí táyà àwọn ẹlòmíràn já sílẹ̀. Bí wọn ò bá ha á kúrò, wọn ò ní mọ bí táyà náà ṣe jẹ tó gan-an. Ó wá gé ọ̀kan nínú rọ́bà náà fún un. Báyìí la ṣe mú ọkọ̀ tiwa lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe torí àwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe torí ẹni tó ń wà á.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ tí ẹ bá mú ni táyà tó ń fà á. BMW, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ìyẹn ni kò ṣe ṣòro fún un láti fò kúrò nílẹ̀ nígbà tí iná pupa tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré bá kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, táyà iwájú ló ń fà wọ́n. Táyà iwájú yẹn kan náà ló ń fa ọkọ̀, tó ń darí rẹ̀, tó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú bíréèkì. Bí eré bá fi máa parí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa wo nǹkan tí aládùúgbò rẹ̀ lórí koríko ò rí: ọkọ̀ tó ṣe díẹ̀díẹ̀ ní ìyípo márùn-ún àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé ńṣe ló ń tọ́jú táyà.

Àsìkò kan wà ní Sọ́ńdè tí wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn rìn lọ síwájú gáréèjì, tí àwọn awakọ̀ á jókòó, tí wọ́n á máa fọwọ́ sí káàdì. Ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín wò bóyá ó wà nínú ẹ̀. Ọmọ mi bi mí níbẹ̀ nígbà kan pé ṣé ẹnì kankan tó dà bíi wa ò sí nínú wọn ni. Mo sọ̀rọ̀ Nicolas Hamilton fún un, ọbàkan Lewis Hamilton, awakọ̀ Formula 1. Àìsàn cerebral palsy ni wọ́n bí mọ́ ọn, àwọn dókítà ò sì rò pé ó máa rìn. Wọ́n tún inú ọkọ̀ ṣe kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ní 2015 ó sì di aláàbọ̀ ara àkọ́kọ́ tó sáré nínú BTCC. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ sọ ìtàn ọkùnrin yìí fún ọmọ wọn, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan.

Níbo lẹ máa dúró? Ẹ má jókòó sójú kan. Fún eré àkọ́kọ́, ẹ lọ sí Paddock Hill, kọ́nà àkọ́kọ́. Fọ́tò ò lè jẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí. Orí òkè ni ọkọ̀ ń gbà bọ̀, awakọ̀ ò rí ìsàlẹ̀ kọ́nà nígbà tó ń yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún, ni ilẹ̀ á bá já lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí. Gbogbo ọkọ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, táyà ẹ̀yìn kan á gbéra nílẹ̀, òórùn bíréèkì á sì dé bá yín kí ìró tó kúrò létí. Ogún ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìyípo àkọ́kọ́. Ẹ wá ọkọ̀ yín láàárín wọn.

Fún eré kejì, ẹ bọ́ sí South Bank. Láti ibẹ̀ ẹ máa rí Druids, kọ́nà tó tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, àti Graham Hill Bend tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Druids ni wọ́n ti máa ń gba ara wọn kọjá jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń gbún ara wọn jù. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn á pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, á ki imú ọkọ̀ bọ inú. Bí ẹni tó wà níwájú ò bá yẹra, ìró irin lẹ máa gbọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá ọkọ̀ tiwa nínú eré àkọ́kọ́. Ìyípo kẹrin. Táyà iwájú òsì rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà tirẹ̀, ọkọ̀ sì dojú kọ ọ̀nà tirẹ̀. Mo ti mọ̀ láti orí òkè pé irin tó so táyà mọ́ ọwọ́ ọkọ̀ ló tẹ̀. A sáré padà sí paddock. Èèyàn mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pariwo, ẹni tó ha táyà láàárọ̀ ló ń na irinṣẹ́ sí wọn. Ní gáréèjì wa, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa gba ìdajì ọjọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i, wọ́n fa okùn láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ láti fi wò bóyá táyà ti tọ́, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀, rọ́bà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ṣe parí eré àkọ́kọ́ ló ṣe máa tò nínú eré kejì, nítorí náà ẹ̀yìn pátápátá ni ọkọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èrò ń wo àwọn tó wà níwájú. Àwa ń kà: ogún, mọ́kàndínlógún, mẹ́rìndínlógún. Eré kan ò ju bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọkọ̀ kan tí ẹ ń kà, ogún ìṣẹ́jú yẹn á gbà yín lọ́kàn pátá. Ipò kọkànlá ló bá dé.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa lẹ́yìn eré kejì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tó mú BTCC yàtọ̀. Wọ́n á ní kí ẹnì kan ki ọwọ́ bọ inú àpò, kó mú nọ́ńbà kan. Tó bá mú mẹ́jọ, ẹni tó ṣe ipò kẹjọ ló máa wà níwájú nínú eré kẹta, ẹni tó ṣe ipò kìíní á lọ dúró sí ipò kẹjọ, àwọn tó wà láàárín á yí padà bákan náà. Láti ipò kẹsàn-án lọ sẹ́yìn, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ yẹn, mẹ́wàá ni wọ́n mú. Ọkọ̀ tiwa wà ní ipò kọkànlá. Ọmọ mi sunkún gidi, mi ò sì lè sọ fún un pé kò tó nǹkan tí èèyàn ń sunkún sí, torí èmi náà dìde, mo lọ dá dúró díẹ̀.

Láàárín eré BTCC, eré mìíràn máa ń wà. Ẹ má fi àkókò yẹn sùn nínú ọkọ̀. Bí Ginetta Junior, eré àwọn ọ̀dọ́, bá wà nínú ètò, ẹ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún ló ń wa ọkọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni òfin ò tíì gbà pé kí wọ́n wa mọ́tò bàbá wọn lọ sọ́jà. Lando Norris, tó wá di awakọ̀ Formula 1, sá a ní 2014. Ẹ tún wo àwọn tó wọ aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń ju àsíá: ìyẹ́lò, ewu ń bẹ níwájú, má gba ẹnikẹ́ni kọjá, búlúù, ẹni tó yá jù ẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, pupa, eré ti dúró. Bí ìyẹ́lò bá ń fì níbi tí ọkọ̀ yín wà, ẹ dìde wò.

Fún eré kẹta, ẹ dúró síbi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn nínú ibi méjèèjì. Àwọn tó lágbára jù ti wà lẹ́yìn, wọ́n ń wá ọ̀nà, àwọn tó wà níwájú ò fẹ́ padà síbi tí wọ́n ti wá. Ọkọ̀ tiwa gba ẹnì kan kọjá ní Druids, ó gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí wọ́n gbún ara wọn níwájú rẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ipò kẹfà. Kò sí ife fún ipò kẹfà. Ohùn mi ti lọ.

Bí eré kẹta bá parí, ẹ má sáré lọ sídìí mọ́tò. Gbogbo èrò ló ń lọ síbẹ̀, wákàtí kan lẹ máa lò lórí ìlà. Ẹ padà sí paddock. Wọ́n á ti máa tú àgọ́, wọ́n á máa ká wáyà, wọ́n á máa to táyà sókè bí àkàṣù ẹ̀kọ. Ẹ wá ọkọ̀ yín, kí ẹ wo ara rẹ̀: àmì dúdú tí táyà ẹlòmíràn fi sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn, tépù tí wọ́n fi so bọ́ńpà, koríko nínú imú rẹ̀. Ẹni tó ha táyà rí wa, ó mọ ọmọ mi. Ó ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣì gbóná. Wọ́n wá ti ọkọ̀ náà sórí irin tó máa gbé e wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ mi sì bá wọn tì í, láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.